Ta Ni Ó Ń Fa Ààlà Eré? Lámèyítọ́ Lórí Àwọn Pápá Ìṣeré Ọ̀fẹ́ ti Aldo van Eyck ní Ìlú Amsterdam

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí jẹ́ lámèyítọ́ lórí àwọn pápá ìṣeré ọ̀fẹ́ tí Aldo van Eyck ya àwòrán wọn fún ìjọba ìlú Amsterdam, ní orílẹ̀-èdè Nẹ́dálándì, láàrin ọdún 1947 sí 1978. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ni ó ti yin àwọn pápá wọ̀nyí nítorí ẹwà ìrísí wọn. Ní tiwa, ààlà ni a gbé yẹ̀ wò: ta ni ó ń fa ààlà eré, ta ni ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti pa á rẹ́? A lo èrò Johan Huizinga lórí eré, a sì fi eré ọmọdé Yorùbá bí i ẹkùn-mẹ́ran àti súwè gbè é lẹ́sẹ̀, láti fi hàn pé kò sí eré tí kò ní ààlà, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ń ṣeré ni ó yẹ kí ó fa ààlà náà fúnra rẹ̀. Àbájáde iṣẹ́ yìí ni pé van Eyck ṣe àṣeyọrí nínú pápá, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ kò ká ọ̀nà tí ó lọ sí pápá. A parí iṣẹ́ náà pẹ̀lú ohun tí olùkọ́ lè rí dìmú nínú rẹ̀.

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Òwe yìí gbé ilé kíkọ́ àti ọmọ kíkọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ìbéèrè tí a kì í sáábà bèèrè ni pé, níbo gan-an nínú ìlú tí a ti kọ́ tán ni ọmọ yóò ti rí àyè kọ́ ara rẹ̀? Ilé ẹ̀kọ́ ń gbà á fún wákàtí díẹ̀ lójúmọ́, òbí ń gbà á ní alẹ́. Àárín àwọn méjèèjì ni eré wà, ibẹ̀ náà sì ni ọmọ ti ń kọ́ bí a ti ń bá ẹgbẹ́ ẹni ṣe àdéhùn, bí a ti ń jà tí a sì ń parí ìjà, àti bí a ti ń ṣubú tí a sì ń dìde.

Ní ìlú ńlá, ilẹ̀ ti di owó. Níbi tí ilẹ̀ bá ti di owó, ibi ìṣeré ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ lọ. Bí ó bá ṣẹ́kù díẹ̀, a ó fi odi yí i ká, a ó fi aṣọ́nà sí ẹnu géètì, a ó sì máa gba owó. Ọmọ tí òbí rẹ̀ kò rí owó san yóò dúró ní ìta, yóò máa wo ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti àárín ọ̀pá irin. Ọ̀rọ̀ ibi ìṣeré kì í ṣe ọ̀rọ̀ fàájì lásán nígbà náà. Ọ̀rọ̀ nípa ẹni tí ìlú kà sí ọmọ rẹ̀ ni.

Ìdí tí a fi yan Amsterdam ni pé àpẹẹrẹ rẹ̀ gbòòrò. Àwọn pápá tí van Eyck ṣe ní ìlú náà lé ní 700, iṣẹ́ náà gba ọgbọ̀n ọdún ó lé ọ̀kan, ìjọba ìlú ni ó sì ná owó rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ ohun tí ìlú lè ṣe fún ọmọdé láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn, àti ibi tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti lè kù díẹ̀ káàtó, ibẹ̀ ni ó yẹ kí ó wò.

Èrò tí a gbé iṣẹ́ yìí lé

Johan Huizinga, onímọ̀ ìtàn ọmọ Nẹ́dálándì, kọ ìwé rẹ̀ tí ó pè ní Homo Ludens ní ọdún 1938. Kókó èrò rẹ̀ ni pé eré ti wà kí àṣà tó wà, àti pé inú eré ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ àṣà ti jáde. Ó tọ́ka sí àbùdá eré mélòó kan, méjì nínú wọn ni a nílò níhìn-ín. Àkọ́kọ́ ni pé eré jẹ́ ohun tí ènìyàn fínnúfíndọ̀ ṣe: eré tí a fi ipá mú ni ṣe ti kúrò ní eré. Èkejì ni pé eré máa ń ní ààyè tirẹ̀, tí a yà sọ́tọ̀ kúrò lára ìgbésí ayé ojoojúmọ́, tí òfin tirẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀.

Àbùdá kejì yìí ni àwọn tí ń kọ́ pápá ìṣeré máa ń dì mú. Wọ́n a ní bí eré bá gbọ́dọ̀ ní ààyè ọ̀tọ̀, a jẹ́ pé ó yẹ kí a mọ odi yí i ká. Níbí ni èrò tiwa ti yà kúrò. Ẹ jẹ́ kí a wo eré ẹkùn-mẹ́ran. Àwọn ọmọ a di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n a ṣe agbo. Ọmọ tí ó jẹ́ ẹran a wà láàrin, ẹni tí ó jẹ́ ẹkùn a máa yí agbo po láti wá ibi tí yóò gbà wọlé. Odi wà nínú eré yìí, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn ọmọ ni odi náà. Bí wọ́n bá tú ọwọ́ wọn sílẹ̀, odi ti wó, ilẹ̀ ti padà di ilẹ̀ gbogbo ènìyàn. Bákan náà ni súwè rí. Ọmọ a fi igi tàbí ẹfun fa ilà sí ilẹ̀, yóò yà á sí yàrá-yàrá, yóò sì máa fi ẹsẹ̀ kan fò ó. Òjò kan péré tó láti pa ilà náà rẹ́. Èyí fi hàn pé Huizinga sọ òótọ́ pé eré ní ààlà, àmọ́ ohun tí ó yẹ kí a fi kún un ni pé ara eré ni fífa ààlà náà jẹ́. Àgbàlagbà tí ó bá ti bá ọmọ fa ààlà náà tán pẹ̀lú búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ńtì ti gba ìdajì eré náà mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ó yẹ kí a tún ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀. Pápá ọ̀fẹ́ ni èyí tí a kì í sanwó kí a tó wọ̀ ọ́. Pápá òmìnira ni èyí tí kò pàṣẹ ohun tí ọmọ yóò fi ṣe. Pápá lè jẹ́ ọ̀fẹ́ kí ó má ní òmìnira nínú. Méjèèjì ni a ó fi díwọ̀n iṣẹ́ van Eyck.

Bí iṣẹ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀

Ọdún 1918 ni a bí Aldo van Eyck. Ó kọ́ iṣẹ́ ilé yíyà ní ìlú Zürich. Ní ọdún 1946, ó gba iṣẹ́ ní ẹ̀ka ètò ìlú Amsterdam, níbi tí Cornelis van Eesteren ti jẹ́ olórí, tí Jakoba Mulder sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àgbà òṣìṣẹ́ ibẹ̀. Mulder ni ó dá àbá pé kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní ibi ìṣeré kékeré tirẹ̀. Ṣáájú ìgbà yẹn, ẹgbẹ́ aládàáni ni ó ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ibi ìṣeré ìlú náà. A mọ odi yí wọn ká, ọmọ ẹni tí ó bá wà nínú ẹgbẹ́ nìkan ni ó sì lè wọlé. Ìyàtọ̀ gedegbe ni ó wà láàrin èyí àti àbá Mulder.

Ní ọdún 1947 ni wọ́n ṣe èyí àkọ́kọ́ sí gbàgede Bertelmanplein. Àwọn ará àdúgbò mìíràn rí i, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà sí ìjọba ìlú pé àwọn náà fẹ́ irú rẹ̀. Òṣìṣẹ́ a wá ilẹ̀ tí ó ṣófo ní àdúgbò tí ó kọ̀wé, van Eyck a ya àwòrán tí ó bá ilẹ̀ náà mu. Kódà nígbà tí ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ ní ọdún 1951, kò dá yíya pápá fún ìlú náà dúró.

Ó ṣe pàtàkì kí a mọ irú ilẹ̀ tí wọ́n lò. Ogun àgbáyé kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni. Ohun tí ó lé ní 100,000 Júù tí ń gbé ní Nẹ́dálándì ni ìjọba Násì ti Jámánì pa, Amsterdam ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn sì ń gbé. Ilé wọn ṣófo. Nígbà òtútù 1944 sí 1945, tí ebi àti òtútù ń pa ìlú, àwọn ènìyàn tú igi inú àwọn ilé náà láti fi dá iná, àwọn ilé sì ń wó. Lára ilẹ̀ tí àwọn ilé bẹ́ẹ̀ fi sílẹ̀ ni ó padà di pápá ìṣeré. A ó tún padà sórí ọ̀rọ̀ yìí.

Àtúpalẹ̀ ohun tí ó wà nínú pápá

Ohun èlò van Eyck kò pọ̀. Kòtò iyanrìn wà, tí a fi kọnkéré fífẹ̀ ṣe etí rẹ̀. Òkúta kọnkéré rìbìtì wà, tí ọmọ lè máa fò láti orí ọ̀kan bọ́ sí orí èkejì. Ọ̀pá irin tí ọmọ lè fi ara rọ̀ sí tàbí ta òkìtì lórí rẹ̀ wà. Irin tí a tẹ̀ bí òṣùmàrè wà, àti òmíràn tí ó dà bí igbá tí a dojú rẹ̀ délẹ̀, tí ọmọ lè gùn. A fi igi àti àga ìjókòó kún un. Ó tán. Àwọn ohun díẹ̀ yìí ni ó ń tò ní oríṣiríṣi ọ̀nà ní ibi tí ó lé ní 700.

Ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí a ṣe àkíyèsí. Èkíní ni pé ohun èlò náà kò ní orúkọ kan ṣoṣo. Van Eyck lòdì sí kí a máa gbẹ́ ère erin tàbí ẹranko mìíràn sí ibi ìṣeré. Èrò rẹ̀ ni pé ohun ìṣeré gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun gidi tí ó bá ìgboro mu. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Erin onírin yóò máa jẹ́ erin títí ayé, ṣùgbọ́n irin tí ó dà bí igbá lè jẹ́ ilé ní òwúrọ̀, kí ó jẹ́ òkè ní ọ̀sán, kí ó sì jẹ́ ààfin ní ìrọ̀lẹ́. Èkejì ni ètò wọn. Van Eyck kì í sáábà fi ohun kan ṣe ọba sí àárín gbùngbùn pápá. Ní Bertelmanplein, igun kan ni kòtò iyanrìn wà, kí ilẹ̀ tó kù lè wà lófìfo fún ẹsẹ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́ Yorùbá dáadáa yóò mọ rírì èyí, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ‘eré’ wà nínú ‘sáré’. Ibi tí a kò bá ti lè sáré, eré ibẹ̀ kò pé. Ẹ̀kẹta ni etí kòtò náà. Ó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ lè rìn lórí rẹ̀, kí ó fi ṣe tábìlì, kí ìyá sì jókòó sí i láti máa wo ọmọ rẹ̀. Ààlà ni etí yìí, ṣùgbọ́n ààlà tí a lè jókòó lé lórí ni. Kò lé ẹnikẹ́ni dànù.

Èyí gan-an ni ó mú wa dé ibi odi. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn pápá náà ṣí sílẹ̀ sí ìgboro láìní odi. Ní Dijkstraat, tí wọ́n ṣe ní ọdún 1954, àlàfo tóóró láàrin ilé méjì ni wọ́n sọ di ibi ìṣeré. Ẹni tí ń kọjá lọ lójú pópó lè yà síbẹ̀ nígbà tí ó bá wù ú. Kò sí géètì, kò sí owó, kò sí orúkọ tí a ń kọ sínú ìwé. Ọmọ ni ó ń pinnu ibi tí eré ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó parí sí. Níhìn-ín, van Eyck sún mọ́ ọgbọ́n tí ó wà nínú ẹkùn-mẹ́ran ju bí ó ti sún mọ́ àwọn ẹgbẹ́ olódi tí ó bá nílé lọ. Nípa ti ọ̀fẹ́, iṣẹ́ náà yege pátápátá.

Ọ̀nà láti pápá dé pápá

Liane Lefaivre, tí òun àti Ingeborg de Roode ṣe olóòtú ìwé ìpàtẹ tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Stedelijk gbé kalẹ̀ lórí àwọn pápá yìí ní ọdún 2002, rí wọn gẹ́gẹ́ bí àwọ̀n tí ó bo ìlú, tí kò ní ojúkò kan. A gba èyí wọlé. Bí pápá bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ọmọ lè ti ọ̀kan bọ́ sí èkejì, gbogbo àdúgbò yóò sì di ipa ọ̀nà eré. Ṣùgbọ́n àwọ̀n kì í ṣe kókó nìkan, okùn tí ó so kókó pọ̀ wà pẹ̀lú. Okùn yìí ni van Eyck kò yà.

Ọkọ̀ ni ó gba okùn náà. Láàrin ọdún 1950 sí 1970, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ pọ̀ sí i ní Nẹ́dálándì lọ́nà tí ó yára gan-an. Ní ọdún 1971 nìkan, ó lé ní 400 ọmọdé tí ìjàm̀bá ọkọ̀ pa ní orílẹ̀-èdè náà. Ní ọdún 1972 ni àwọn òbí dá ẹgbẹ́ Stop de Kindermoord sílẹ̀; ìtumọ̀ orúkọ náà ni ‘Ẹ yé pa ọmọdé’. Ọdún yẹn kan náà ni àwọn ọmọ àdúgbò De Pijp ní Amsterdam ń jà kí a ti òpópónà wọn mọ́ ọkọ̀ kí wọ́n lè rí ibi ṣeré. Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ìyẹn dáadáa: pápá ìṣeré ti ń tàn káàkiri ìlú náà láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, síbẹ̀ ìgboro fúnra rẹ̀ ni àwọn ọmọ ń bèèrè fún.

Ohun tí èyí fi yé wa ni pé bí ọmọ kò bá fa ààlà, tí kọ́lékọ́lé náà kò sì fa á, ọkọ̀ yóò fà á. Pápá tí kò ní odi di erékùṣù láàrin táyà. Èsì tí ó bọ́gbọ́n mu ni èyí tí ó wá láti ìlú Delft. Ní ìparí àwọn ọdún 1960, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe òpópónà tí wọ́n ń pè ní woonerf níbẹ̀, òfin orílẹ̀-èdè náà sì fọwọ́ sí i ní ọdún 1976. Ní irú òpópónà yìí, ẹlẹ́sẹ̀ ni ó ni gbogbo fífẹ̀ ọ̀nà, ọmọ lè ṣeré níbẹ̀, ọkọ̀ ni ó gbọ́dọ̀ rìn bí ẹlẹ́sẹ̀. Wọn kò ti ọmọ mọ́lé nítorí ọkọ̀, ọkọ̀ ni wọ́n kó ní ìjánu. Ní ojú tiwa, woonerf ni ó parí iṣẹ́ tí van Eyck bẹ̀rẹ̀.

Àléébù mẹ́ta mìíràn

Àléébù kìíní ni pé òmìnira inú pápá náà kò dé òpin. Ní ọdún 1943, C. Th. Sørensen ṣe ibi ìṣeré kan sí Emdrup ní ìlú Copenhagen, nígbà tí Jámánì gba Dẹ́nmárkì. Ó ti kíyè sí i tipẹ́ pé àwọn ọmọ fẹ́ràn àkìtàn àti ibi tí a ti ń kọ́lé lọ́wọ́ ju pápá tí a ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ fún wọn lọ. Nítorí náà, pákó, búríkì àti àlòkù nǹkan ni ó kó fún wọn, wọ́n sì ń fi wọ́n kọ́ ohun tí ó wù wọ́n. Òkìtì erùpẹ̀ yí ibẹ̀ ká, àgbàlagbà kan sì wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí alábòójútó. Emdrup ní odi lóde, ṣùgbọ́n nínú rẹ̀ ọmọ ni kọ́lékọ́lé. Amsterdam kò ní odi lóde, ṣùgbọ́n kọnkéré ibẹ̀ kò ṣe é sún. Nínú iyanrìn nìkan ni ọmọ Amsterdam ti lè mọ nǹkan kí ó sì tú u. Sørensen fúnra rẹ̀ gbà pé nínú gbogbo iṣẹ́ tí òun ṣe, ibi àlòkù náà ni ó burẹ́wà jù, síbẹ̀ òun náà ni ó dára jù ní ojú òun. Àgbà kan kò sì lè sọ ìyẹn bí ẹwà ni ó bá fi ń díwọ̀n.

Àléébù kejì jẹ mọ́ ilẹ̀ tí a mẹ́nu bà lókè. Kò burú kí ọmọ ṣeré níbi tí òkú wà. Ní ilé Yorùbá àtijọ́, inú ilé ni a ń sin àgbà sí, ọmọ-ọmọ rẹ̀ a sì máa sáré lórí ilẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n a ń dárúkọ ẹni tí ó sùn síbẹ̀. Kòtò iyanrìn àti ọ̀pá irin kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ìrísí tí kò sọ ohun kan pàtó, tí ó jẹ́ ìwúlò fún eré, náà ni kò jẹ́ kí pápá lè sọ ìtàn ẹni tí ó ni ilé tí ó wó. A kò sọ pé van Eyck mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ohun tí a ń sọ ni pé ìrísí kan kì í ṣe gbogbo iṣẹ́.

Àléébù kẹta kì í ṣe ti van Eyck bí kò ṣe ti àwọn tí ó jogún iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn pápá náà ni ó ti pòórá. Díẹ̀ ni ó ṣì rí bí ó ti ṣe wọ́n. Ní ìparí ọ̀rúndún ogún, òfin ààbò lórí ohun èlò eré gbilẹ̀ ní Yúróòpù. Ìlànà EN 1176 jáde ní ọdún 1998. Ààbò dára, ṣùgbọ́n Yorùbá ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọmọ tí kò ṣubú rí kò ní mọ bí a ti ń wo iwájú. Láti ọdún 2013, díẹ̀ nínú àwọn irin van Eyck ti wà nínú ọgbà ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Rijksmuseum. Ọmọdé ṣì ń gùn wọ́n níbẹ̀, ìyẹn sì dùn mọ́ wa. Síbẹ̀, irin tí a mú kúrò ní ẹnu ọ̀nà àdúgbò lọ sí ọgbà iṣẹ́ ọnà ti pàdánù ìdajì ìtumọ̀ rẹ̀. Àwọn tí ń yin ẹwà ìrísí nìkan ni ó tọ́ka ọ̀nà síbẹ̀.

Ohun tí olùkọ́ lè rí dìmú

Abala 31 nínú àdéhùn àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé, ti ọdún 1989, gbà pé ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi àti eré. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti Nàìjíríà, ti ọdún 2003, náà sọ bẹ́ẹ̀ ní abala 12. Ẹ̀tọ́ wà nínú ìwé nígbà náà. Ilẹ̀ ni kò sí. Ẹnìkan lè sọ pé ní ìlú tiwa, ìbẹ̀rù gbọ́mọgbọ́mọ àti ọkọ̀ kò jẹ́ kí a lè wó odi. Ìbẹ̀rù yẹn kì í ṣe asán. Ṣùgbọ́n odi nìkan kọ́ ni ó ń ṣọ́ ọmọ. Ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í bá a tọ́ ọ. Àga ìjókòó tí van Eyck tò sí etí pápá kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ibi tí igba ojú yóò ti máa wo ọmọ ni. Iṣẹ́ yìí kan náà ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ agbo-ilé ń ṣe nígbà tí àgbà bá jókòó síbẹ̀ tí ọmọ ń ṣeré òṣùpá níwájú.

Olùkọ́ kò ní agbára láti ya òpópónà, ṣùgbọ́n ó ní agbára lórí ọgbà ilé ẹ̀kọ́. Ó lè fi apá kan sílẹ̀ ní òfìfo, kí ó má fi ohun èlò kún un dé etí. Ó lè bu iyanrìn síbẹ̀, kí ó tò àga sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó lè bá ìgbìmọ̀ òbí àti olùkọ́ sọ ọ́ kí géètì ilé ẹ̀kọ́ ṣí sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ fún ọmọ àdúgbò, kì í ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ nìkan. Kí ó tó ṣe èyíkéyìí, ó yẹ kí ó bá àwọn ọmọ rìn láti ilé ẹ̀kọ́ dé ilé wọn, kí ó kọ ibi tí wọ́n ti ń yà ṣeré sílẹ̀, àti ibi tí ọkọ̀ ti ń lé wọn. Ìwé kékeré yẹn yóò wúlò fún ìjọba ìbílẹ̀ ju ọ̀pọ̀ àwòrán tí a yà láìbi ọmọ léèrè lọ.

Àgbálọgbábọ̀

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti fi hàn pé àwọn pápá Aldo van Eyck yege nítorí ohun tí ó yọwọ́ kúrò nínú rẹ̀: owó, odi, àti àṣẹ. A sì ti fi hàn pé ọ̀nà tí ó so wọ́n pọ̀ ni kò rí ojú rere, tí ó fi jẹ́ pé ọkọ̀ ni ó fa ààlà tí ó yẹ kí ọmọ fà. Nítorí náà, nígbà tí a bá ní kí a dá pápá ìṣeré kan sílẹ̀ ní ìlú wa, kí a má kọ́kọ́ bèèrè irú irin tí a ó rà. Kí a bèèrè pé ta ni yóò wọlé, ọ̀nà wo ni yóò gbà dé ibẹ̀, kí ni a ó sì fi sílẹ̀ fún un láti pinnu nígbà tí ó bá dé. Ọmọ tí ó bá rí àyè fa ilà súwè tirẹ̀ lónìí, tí ó sì bá ẹgbẹ́ rẹ̀ pa á rẹ́, ti ń kọ́ bí a ṣe ń ṣe òfin ìlú.